"Sorry": Ìtumọ̀ Rẹ̀ àti Ìlò Rẹ̀

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà lẹ́nu àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, mo rò pé díẹ̀ ni a ń lò lójoojúmọ́ tó ọ̀rọ̀ kékeré yìí, "sorry". Ọmọdé tí kò tí ì mọ ìwé kà mọ̀ ọ́n. Ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn a máa wí i fún ọmọ rẹ̀ nígbà tí ọmọ náà bá fẹsẹ̀ kọ. Nítorí náà ni olùkọ́ kì í fi í fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Ó gbà pé gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ọ́n. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, títí ọ̀rọ̀ náà fi kó mi sínú ìyọnu.

Ní ọdún tí mo lọ kọ́ ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́ ní Ìlú Ọba, wọ́n rán mi lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan láti lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi àti olùkọ́ mìíràn ni a ń ṣọ́ àwọn ọmọ ní pápá ìṣeré. Ọmọkùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún méje lọ ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù, ó yọ̀, ó ṣubú lulẹ̀, orúnkún rẹ̀ bó, ètè rẹ̀ sì ya díẹ̀. A gbé e dìde, a wẹ ojú ọgbẹ́ fún un, a fi oògùn sí i, ọmọ náà sì ti padà sídìí eré rẹ̀ kí agogo tó lù. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé láti mú un lọ sílé, mo yára lọ pàdé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti tọ́ mi nílé, mo sì wí fún un pé, "I am very sorry, madam. I am so sorry." Ohun tí ó wà lọ́kàn mi ni pé, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run yóò wo ọmọ sàn. Kì í ṣe ohun tí obìnrin náà gbọ́ nìyẹn. Ojú rẹ̀ yí padà, ó sì bi mí pé kí ni mo fi ọmọ òun ṣe.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀gá ilé-ìwé ti ránṣẹ́ pè mí. Ó ní kí n kọ gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé: níbo ni mo dúró sí? Kí ni mo ń wò nígbà tí ọmọ ṣubú? Bí n kò bá jẹ̀bi, kí ló dé tí mo fi tọrọ àforíjì? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ó dà mí láàmú jù lọ, nítorí pé n kò mọ̀ pé mo tọrọ àforíjì kankan. Ọjọ́ méjì gbáko ni ọ̀rọ̀ náà fi wà nílẹ̀, kí olùkọ́ kejì tó jẹ́rìí pé ńṣe ni ọmọ náà yọ̀, pé kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Obìnrin àgbà kan ni olùkọ́ yìí, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Gẹ̀ẹ́sì rẹ dára, ṣùgbọ́n o kò parí gbólóhùn rẹ."

Ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wá orírun ọ̀rọ̀ náà. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èyí tí àwọn ará England ń sọ kí àwọn ará Normandy tó wá ṣẹ́gun wọn ní ọdún 1066, ọ̀rọ̀ kan wà tí ń jẹ́ "sār". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìrora tàbí ojú ọgbẹ́. Òun ni ó di "sore" lónìí, èyí tí à ń lò bí ẹsẹ̀ tàbí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dùn wá. Láti ara "sār" ni wọ́n ti ṣẹ̀dá "sārig", èyíinì ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń dùn ún, ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́. "Sārig" yìí ni baba "sorry". Ọ̀pọ̀ nínú yín yóò ti rò pé láti ara "sorrow" ni "sorry" ti wá, nítorí pé ìró wọn jọra, ìtumọ̀ wọn sì sún mọ́ ara. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. "Sorg" ni baba "sorrow", ìdílé ọ̀tọ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé àwọn méjèèjì ti ń gbé àdúgbò kan náà fún ọdún pípẹ́, "sorrow" ti fa ohùn "sorry" sọ́dọ̀ ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí aládùúgbò ti í máa kọ́ ohùn aládùúgbò.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹ̀bi kankan nínú ìtumọ̀ àkọ́kọ́ yìí. Ìrora ọkàn ni. Bí ilé ẹnìkejì mi bá jóná, tí ọkàn mi sì gbọgbẹ́ nítorí rẹ̀, mo jẹ́ "sorry", bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ ẹni tí ó ṣáná. Ìtumọ̀ kejì tẹ̀lé e, ti ohun tí ìrísí tàbí ipò rẹ̀ ṣeni láàánú, tàbí tí kò níláárí; èyí náà ti lé ní 700 ọdún. Ní ti àforíjì, ara ìrora yìí náà ni ó ti yọ, nítorí pé ẹni tí ó bá ṣẹ ẹnìkejì rẹ̀ ní láti fi hàn pé ohun tí òun ṣe ń dun òun. Nígbà tí ó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n ti gé gbólóhùn náà kúrú, tí ó fi jẹ́ pé "Sorry" kan ṣoṣo ti tó láti fi tọrọ àforíjì. Àbúrò ìkẹyìn yìí ni ó gba ilé mọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ ní Ìlú Ọba. Bí ará ibẹ̀ bá gbọ́ "Sorry" láìsí àfikún, àforíjì ni ọkàn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ sí.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo gírámà rẹ̀. Ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni "sorry". Kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe. Níbi yìí ni àwa tí a ń sọ Yorùbá ti máa ń kọsẹ̀, kò sì ṣàìnídìí. Nínú èdè tiwa, ìmọ̀lára ni ó ń ṣiṣẹ́, ènìyàn ni iṣẹ́ náà ń bọ́ lé lórí: àánú ṣe mí, inú bí mi, ojú tì mí, ẹ̀rù bà mí. Àánú ni olùwà gbólóhùn, èmi ni àbọ̀ rẹ̀. Òyìnbó yí i po: ènìyàn ni olùwà, ìmọ̀lára di ohun tí a fi ń júwe rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe "be" tàbí "feel" ni ó sì ń so wọ́n pọ̀. Nítorí náà ni a kò fi lè wí pé "I sorry for him", tàbí "I sorried", bí mo ti bá a nínú ìwé àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀kan. "I am sorry", "I was sorry", "she felt sorry" ni. Bí ó bá pọ̀ sí i, a ó fi "very" tàbí "so" kún un. "Sorrier" àti "sorriest" wà nínú ìwé atúmọ̀-èdè, ṣùgbọ́n wọn kò wọ́pọ̀ lẹ́nu ènìyàn.

Ó tún ní ìwà kan tí ó yẹ kí olùkọ́ ṣọ́ra fún. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀-àpèjúwe Gẹ̀ẹ́sì lè dúró níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ tàbí lẹ́yìn "be" láìsí pé ìtumọ̀ yí padà. "A tall man" àti "the man is tall", ọ̀kan náà ni. "Sorry" kò rí bẹ́ẹ̀. "The boy is sorry": ọmọ náà kábàámọ̀. "A sorry boy": ọmọ tí ìrísí rẹ̀ ṣeni láàánú, tàbí ọmọ tí kò já mọ́ nǹkankan. Olùkọ́ ọ̀dọ́ kan fẹ́ ṣojúure sí ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí ó ti ronú pìwà dà, ó kọ ọ́ sínú ìwé tí ó fi ránṣẹ́ sí baba ọmọ náà pé "He is now a sorry pupil." Ẹ lè fi ojú inú yín wo bí baba náà, tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ti gbà á. Nítorí náà, bí "sorry" bá ti wà níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, ẹ gbàgbé àforíjì pátápátá: "a sorry sight", "a sorry excuse", "the roof was in a sorry state". Shakespeare fi ọ̀rọ̀ yìí sí ẹnu Macbeth, nígbà tí ọkùnrin náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí ó kún fún ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí ó pa ọba tán. Mo ti gbọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣàlàyé pé níbẹ̀ ni Macbeth ti tọrọ àforíjì. Rárá o. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó ń júwe.

Mo wá dé ibi ọ̀rọ̀ obìnrin àgbà náà. Bí a bá wí pé "I am sorry", tí a sì dákẹ́, ẹni tí ń gbọ́ wa ni yóò fúnra rẹ̀ yan ìtumọ̀ tí ó wù ú. Bí a bá fẹ́ kí ó mú èyí tí ó wà lọ́kàn wa, a ní láti parí gbólóhùn. Ohun tí a ó sì máa wò nínú apá kejì gbólóhùn náà ni pé, ta ni olùwà rẹ̀? Ta ni ó ṣe ohun náà, tàbí ta ni ó ṣẹlẹ̀ sí? "I am sorry that I broke your slate": èmi ni mo fọ́ ọ, mo ń tọrọ àforíjì. "I am sorry that you are ill": ìwọ ni ara rẹ kò yá, mo ń bá ọ kẹ́dùn. "Sorry" kan náà ni, "that" kan náà ni. Láàrin "I" àti "you" ni ìyàtọ̀ wà.

Bí ó bá jẹ́ "to" ni ó tẹ̀lé e, ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó wà lẹ́yìn "to". Bí ó bá jẹ́ ti gbígbọ́ tàbí rírí, ìbánikẹ́dùn ni: "I am sorry to hear that your father has died." Bí ó bá jẹ́ ohun tí èmi tí ń sọ̀rọ̀ ṣe sí ẹlòmíràn, àforíjì ni: "I am sorry to have kept you waiting." Bí ó bá jẹ́ "to say" tàbí "to tell you", kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ńṣe ni a ń rọ ìròyìn búburú lójú kí ó tó dé etí olúwa rẹ̀. Èyí wúlò fún olùkọ́ púpọ̀, nítorí pé kò sí ọdún tí a kì í ní láti sọ fún òbí kan pé ọmọ rẹ̀ kò yege.

"For" ni ó ṣòro jù, nítorí pé ó ń sin ọ̀gá mẹ́ta. "Sorry for coming late": ohun tí mo ṣe ni, àforíjì. "Sorry for your loss": àdánù rẹ ni, ìbánikẹ́dùn. "Sorry for him": ènìyàn ni ó tẹ̀lé e, àánú sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ìkẹta yìí o. Bí ẹ bá wí fún ẹlẹgbẹ́ yín lójúkorojú pé "I feel sorry for you", ó lè gbà á bí èébú. Ní ti èyí, èmi kò rò pé ó yẹ kí ó ya Yorùbá lẹ́nu. Àwa náà mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin kí a wí fún ènìyàn pé "Pẹ̀lẹ́" àti kí a kánjú wò ó láti òkè dé ilẹ̀ kí a wá ní, "Àánú rẹ mà ń ṣe mí o!" Ẹni tí "for" bá dẹ́rù bà, kí ó lo "about": "I am sorry about your roof." "About" kì í dájọ́, ó kàn ń tọ́ka sí ọ̀ràn tí ó wà nílẹ̀ ni.

Ohun tí ó yẹ kí n wí fún ìyá ọmọ náà nìyí: "I am sorry to tell you that your son has had a fall." Tàbí kí n wí pé, "I am sorry that he was hurt." Ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan péré sí i, ọjọ́ méjì tí mo fi pàdánù oorun kì bá tí wáyé.

Ṣé ohun tí mo ń wí ni pé "sorry" tiwa, tí a ń wí fún ẹni tí ó fẹsẹ̀ kọ, jẹ́ àṣìṣe? Àwọn olùkọ́ kan ń kọ́ni bẹ́ẹ̀, wọn a sì máa fi lẹ́ẹ̀dì pupa fa igi sí i. Èmi kò bá wọn lọ sí i. Lójú tèmi, lílò tiwa sún mọ́ ìtumọ̀ àtijọ́ ọ̀rọ̀ náà ju ti ará Lọ́ńdọ̀nù òde òní lọ, nítorí pé ìrora tí kò ní ẹ̀bi nínú ni a fi ń jẹ́. A kò ṣèèṣì gbé e lọ síbẹ̀. Àwọn èdè wa ni wọ́n rán an níṣẹ́. Yorùbá ní "pẹ̀lẹ́". Ìgbò ní "ndo". Ará Gánà tí ń sọ Akan yóò wí pé "kosɛ". Ní Freetown, ẹ ó gbọ́ "oshya" lẹ́nu àwọn Krio. Ní Kamẹrúùnù, "ashia". Ní Ivory Coast, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ìjọba, wọn kò rí ọ̀rọ̀ Faransé kan tí ó bá ohun tí ó wà lọ́kàn wọn mu, ni wọ́n bá mú "yako" láti inú èdè Baoulé wọ inú Faransé wọn. Hausa ní "sannu". Èyí tí ó sì dùn mọ́ mi jù ni pé "sannu", gẹ́gẹ́ bíi "pẹ̀lẹ́", tún ń sọ nípa ohun tí a rọra ṣe. "Pole" ti Swahili, ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà lọ́hùn-ún, ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì bákan náà. Èdè mẹ́ta tí wọ́n jìnnà sí ara wọn so ìbánikẹ́dùn pọ̀ mọ́ ìwà jẹ́jẹ́. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni gbogbo wa ṣe fi ẹrù náà lé "sorry" lórí.

Ẹ̀wẹ̀, ẹrù tí "sorry" ti ń rù tẹ́lẹ̀ kò kéré. Ohun tí Òyìnbó fi ọ̀rọ̀ kan ṣe, àwa pín in fún ọ̀pọ̀. "Pẹ̀lẹ́" fún ẹni tí ara ń ni. "Ẹ má bínú" fún ẹni tí a ṣẹ̀ díẹ̀, "Ẹ forí jì mí" bí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá wúwo. "Ó mà ṣe o" fún ìròyìn búburú. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù" fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Kò sí Yorùbá kan tí yóò gbọ́ "pẹ̀lẹ́" tí yóò rò pé ẹni tí ó wí i ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí pé ojú ọ̀nà wa ti pín láti ìbẹ̀rẹ̀, a kì í rántí pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni Òyìnbó ń gbà.

Àìmọ̀ yìí kò sì sí lọ́dọ̀ wa nìkan. Mo mọ Òyìnbó kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níhìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan gbé ẹrù ìwé, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ìwé sì fọ́nká. Gbogbo ènìyàn pariwo "Sorry o!" Òyìnbó náà kò sọ nǹkankan. Láti ọjọ́ náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pè é ní aláìláàánú. Ohun tí wọn kò kà sí ni pé òun ni ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ó ṣa gbogbo ìwé náà jọ, tí ó sì gbé e dé kíláàsì fún ọmọbìnrin náà, nígbà tí àwọn tí ó kí i ti bá tiwọn lọ. Ní ilé tirẹ̀, ẹni tí kò bá tì í ṣubú kò ní ìdí láti wí pé "Sorry".

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ ilé-ìwé lásán ni èyí, kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2001. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Épírì ọdún náà, ọkọ̀ òfuurufú ológun Amẹ́ríkà kan àti ti Ṣáínà kan kọlu ara wọn lókè Òkun Gúúsù Ṣáínà. Awakọ̀ ti Ṣáínà, Wang Wei, kú. Ti Amẹ́ríkà sọ̀kalẹ̀ ní pàjáwìrì sí erékùṣù Hainan, àwọn ará Ṣáínà sì dá àwọn 24 tí ó wà nínú rẹ̀ dúró. Ṣáínà ní kí Amẹ́ríkà tọrọ àforíjì. Amẹ́ríkà ní àwọn kò jẹ̀bi. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, aṣojú Amẹ́ríkà ní Ṣáínà, Joseph Prueher, fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ tí "very sorry" fara hàn nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́ jẹ́ nítorí àdánù tí ó bá àwọn ará Ṣáínà àti ìdílé awakọ̀ náà. Ìkejì jẹ́ nítorí pé ọkọ̀ Amẹ́ríkà wọ ojú òfuurufú Ṣáínà ó sì balẹ̀ láìgba àṣẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹ fi òfin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wò ó: èwo ni ìbánikẹ́dùn, èwo ni ó sún mọ́ àforíjì? Ìjọba Amẹ́ríkà sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé àwọn kò tọrọ àforíjì kankan. Ìjọba Ṣáínà túmọ̀ lẹ́tà náà fún àwọn ènìyàn tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àforíjì tí ó jinlẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n fi àwọn 24 náà sílẹ̀. Níbẹ̀, àìparí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ni ó gba ènìyàn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwọn tí ó kọ lẹ́tà náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ní Ọsitirélíà, ọ̀rọ̀ kan náà di àríyànjiyàn orílẹ̀-èdè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀rúndún ogún, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ àwọn onílẹ̀ kúrò lọ́wọ́ òbí wọn, wọ́n sì kó wọn lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Òyìnbó. Ìwé ìwádìí nípa rẹ̀ jáde ní ọdún 1997, láti ọdún 1998 sì ni wọ́n ti ń ya ọjọ́ 26 oṣù Méè sọ́tọ̀ fún un, tí wọ́n ń pè é ní "Sorry Day". Ní ọdún 1999, olórí ìjọba, John Howard, mú àbá kan wá sí ilé ìgbìmọ̀, nínú èyí tí ó fi ìkáàánú tí ó jinlẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti wí pé "sorry", nítorí pé lójú tirẹ̀, kò yẹ kí àwọn ti ìsinsìnyí ru ẹ̀bi àwọn ti àná. Ní ọjọ́ 13 oṣù Fẹ́búárì ọdún 2008, Kevin Rudd tí ó gba ipò rẹ̀ dìde ní ilé ìgbìmọ̀ kan náà, ó sì wí i. Àwọn onílẹ̀ fúnra wọn ti ní ìtumọ̀ tiwọn láti ìgbà pípẹ́: nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ láàrin ara wọn, "sorry business" ni ètò ìsìnkú àti ọ̀fọ̀. Ìrora náà ni, gẹ́gẹ́ bíi ti "sārig".

Àwọn aṣòfin pàápàá ti ní láti dá sí i. Ní ibi púpọ̀, dókítà tàbí awakọ̀ a máa bẹ̀rù láti wí pé "sorry" fún ẹni tí ó fara pa, kí agbẹjọ́rò má baà fi mú un nílé ẹjọ́. Nítorí èyí ni òfin kan tí wọ́n ṣe fún England àti Wales ní ọdún 2006, Compensation Act, fi sọ ọ́ gbangba pé àforíjì nìkan kò tó láti sọ ènìyàn di ẹlẹ́bi. Agbègbè British Columbia ní Kánádà ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ọdún kan náà. Ká ní ìyá ọmọ tèmi gbọ́ nípa rẹ̀!

Ó ku ìdáhùn, tí àwọn ìwé gírámà kì í sábà mẹ́nu kàn. Bí a bá kí ẹni tí ó fara pa ní "Sorry" lọ́dọ̀ wa, yóò dáhùn pé "Thank you", gẹ́gẹ́ bí a ti í wí pé "Ẹ ṣé" sí "Ẹ pẹ̀lẹ́". Ìdáhùn yìí tọ̀nà fún ìbánikẹ́dùn níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n bí Òyìnbó bá tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀ tí ó sì wí pé "Sorry", ẹ má ṣe dá a lóhùn pé "Thank you", nítorí yóò dà bí ẹni pé ẹ ń dúpẹ́ pé ó tẹ̀ yín mọ́lẹ̀. "That's all right" tàbí "Never mind" ni ìdáhùn àforíjì. Bákan náà, "sorry" kò mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé bí "pẹ̀lẹ́" àti "ẹ pẹ̀lẹ́" ti mọ̀ ọ́n. Nítorí èyí ni a fi ń so "sir" tàbí "ma" mọ́ ọn ní ìdí, kò sì sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan sọ, "Sorry?" tí a gbé ohùn rẹ̀ sókè ń bẹ̀ ẹ́ kí ó tún un sọ, bí ohùn bá wálẹ̀, kò ní í yé e. "I'm sorry, but" ní ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kì í ṣe àforíjì, àtakò ni ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "You will be sorry" sì jẹ́ ìhàlẹ̀, bí ìgbà tí a bá wí pé "Ìwọ yóò kábàámọ̀ rẹ̀".

Fún ìdánrawò: Ẹ túmọ̀ àwọn gbólóhùn wọ̀nyí sí Yorùbá tàbí sí èdè tí wọ́n ń sọ nílé yín, kí ẹ má sì lo ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì bí ìtumọ̀ bá yàtọ̀: "I am sorry for shouting." "We were sorry to see you leave." "He lives in a sorry little room." "She is sorry for the widow." "I am sorry about your examination." Lẹ́yìn náà, ẹ wá ènìyàn méjì láàrin ẹlẹgbẹ́ yín tí wọ́n ti orílẹ̀-èdè mìíràn wá, kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń wí nílé wọn fún ọmọ tí ó ṣubú, àti ohun tí ọmọ náà gbọ́dọ̀ fi dáhùn. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn wọn, kí ẹ sì mú wọn wá sí kíláàsì.